Àtúnṣe àti Ìkunláwọ̀ Eré Doctor Who

Doctor Who ni eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí BBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde nílùú Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kọkànlá ọdún 1963, ní dúdú-àti-funfun. Ọdún 1970 ló di aláwọ̀. Téèpù fídíò wọ́n gan-an láyé ìgbà náà, BBC a sì máa pa eré tí wọ́n ti fi hàn rẹ́ kí wọ́n lè fi téèpù náà gba òmíràn. Nínú ìpín tó jáde láàárín ọdún 1963 sí 1969, ó lé ní 90 tó ṣì sọnù.

Ọjà òkèèrè ló yọ àwọn yòókù. Wọ́n á kọjú kámẹ́rà fíìmù sí ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á fi fíìmù onímílímítà 16 gba eré náà, wọ́n á sì tà á káàkiri ayé. Nàìjíríà wà lára àwọn tó rà á. Ìlú Jos ni Philip Morris, ará Ìlú Ọba tó ń dọdẹ fíìmù àtijọ́, ti rí ìpín 11 nínú ìtàn Doctor Who méjì, The Enemy of the World àti The Web of Fear. Mẹ́sàn-án nínú wọn kò sí lọ́wọ́ BBC mọ́ rárá. Oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni wọ́n kéde rẹ̀.

Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kì í wà bí téèpù ṣe wà. Yàtọ̀ sí eruku àti ibi tó họ, tí kọ̀ǹpútà lè pa rẹ́, ìrìn àwọn òṣèré náà a yí padà: ìgbà 50 ni àwòrán fídíò ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti fíìmù kò ju 25 lọ. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní VidFIRE ló ń fojú bu àwòrán tó yẹ kó wà láàárín méjì, tó sì ń fi wọ́n há a.

Ọ̀tọ̀ ni kí a wá àwọ̀ tó sọnù rí, ọ̀tọ̀ ni kí a kun àwọ̀ sí ohun tí kò ní in rí. Àwọn ìpín kan wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sókè tí wọ́n ṣe ní aláwọ̀, ṣùgbọ́n tó jẹ́ ẹ̀dà dúdú-àti-funfun nìkan ló kù. James Insell, òṣìṣẹ́ BBC kan, ló ṣàkíyèsí pé àwọn àmì tóótòòtó tó ń da ojú fíìmù rú kì í ṣe ìdọ̀tí. Ipa àwọ̀ tí wọn kò sẹ́ kúrò nígbà tí wọ́n ń gbà á ni. Richard Russell kọ ètò tó ń ka àwọn àmì náà padà di àwọ̀. Báyìí ni The Mind of Evil ti ọdún 1971 ṣe tún di aláwọ̀ lọ́dún 2013, àfi ìpín àkọ́kọ́ tí kò ní àmì, èyí tí Stuart Humphryes jókòó tì, tó sì fi àwọ̀ sí. Èmi rò pé iṣẹ́ Insell àti Russell ló pabanbarì nínú gbogbo ìtàn yìí.

Ti ìtàn The Daleks kò rí bẹ́ẹ̀. Kò láwọ̀ látilẹ̀wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, BBC kùn ún, wọ́n gé ìpín méje kù sí ìṣẹ́jú 75, wọ́n sì fi orin tuntun sí i. Kì í ṣe àwọ̀ ló yẹ ká bá wọn jà lé lórí, bí kò ṣe gígé náà. Lọ́dún 2024 wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí The War Games: ìpín mẹ́wàá di ìṣẹ́jú 90.