Šventas

Šventas ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí àwọn ará Lituéníà ń lò fún ohun mímọ́. Tí ohun tí wọ́n ń sọ bá jẹ́ abo nínú gírámà wọn, ó di šventa. Tó bá jẹ́ èyí pàtó tí olùgbọ́ ti mọ̀ ni, wọ́n á so arọ́pò orúkọ mọ́ ọn nídìí: šventas pẹ̀lú jis di šventasis, šventa pẹ̀lú ji di šventoji. Níwájú orúkọ àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì, wọ́n máa ń gé e kúrú sí "Šv.", bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì Kazimieras Mímọ́ ní Vilnius. Ara rẹ̀ náà ni wọ́n ti fa šventė, ọjọ́ àjọ̀dún, yọ. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó rárá o. Aṣọ tí a fọ̀ tó mọ́ tónítóní, švarus ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu wọn kí àlùfáà kankan tó dé. 1387 ni Ọba Jogaila mú kí Lituéníà gba ìrìbọmi. Žemaitija, lápá ìwọ̀-oòrùn, kò tẹ̀ lé e títí di 1413. Omi ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà fara mọ́ jù. Odò Šventoji, tó gba Anykščiai àti Ukmergė kọjá kó tó wọnú odò Neris, gùn tó kìlómítà 246, kò sì sí odò tó gùn jù ú lọ nínú àwọn tí kò jáde kúrò ní Lituéníà. Odò mìíràn tún ń jẹ́ Šventoji, òun ló ṣàn wọ Òkun Báltíìkì nítòsí Palanga, ìlú etíkun tó wà níbẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ìbátan rẹ̀ pọ̀: święty àwọn ará Pólàndì, svyatoy àwọn ará Rọ́ṣíà, àti spenta inú Àfẹ́sítà, ìwé mímọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Zarathustra ní Ìránì àtijọ́. Kò yẹ kí sp yẹn yani lẹ́nu. Ibi tí Lituéníà bá ti ní šv, sp ló sábà máa ń wà nínú Àfẹ́sítà: abo ẹṣin ni ašva nínú èdè Lituéníà àtijọ́, ẹṣin ni aspa nínú Àfẹ́sítà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ ló so gbogbo wọn mọ́ gbòǹgbò kan tó túmọ̀ sí wíwú, ohun tí agbára kún inú rẹ̀ tó sì ń pọ̀ sí i. Lójú tèmi, ìtumọ̀ yẹn bá odò mu ju ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Svēts tí àwọn aládùúgbò wọn ní Látfíà ń lò jọ ọ́ gan-an, àmọ́ àyálò ni, ọwọ́ àwọn Síláfù ló ti wá.