Labalábá Arìnrìn-àjò ní Èkó àti Igbó Tó Ń Bọ́ Wọn

Labalábá arìnrìn-àjò ni àwọn ẹ̀yà labalábá tí kì í gbé ojú kan: bí òjò bá dé tàbí tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, wọn a ṣí lọ síbi tí ewé tútù wà. Méjì nínú wọn wọ́pọ̀ ní Èkó. Catopsilia florella funfun tàbí kí ó ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì yára bí àṣá. Danaus chrysippus pupa rúsúrúsú, etí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú.

Oúnjẹ ọmọ ló ń rán wọn níṣẹ́. Labalábá lè mu omi òdòdó tó bá rí, ṣùgbọ́n ìdin rẹ̀ kì í jẹ ewékéwé. Rérè, asunwọ̀n òyìnbó àti àwọn ìbátan wọn ni Catopsilia ń yé ẹyin sí. Bomubómú ni ti Danaus, ewé kan náà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi oje rẹ̀ mú wàrà dì. Májèlé inú oje náà kì í pa ìdin. Ó ń kó o pamọ́ sára ni, kí ẹyẹ tó bá gbé e mì lè bì í. Ohun tí a ń ro dànù lórí ilẹ̀ òfìfo, tí a ń pè ní koríko lásán, oúnjẹ wọn ni.

Igbó ni ti àwọn mìíràn. Libythea labdaca, labalábá kékeré tí ẹnu rẹ̀ yọ síwájú bí imú, máa ń gbéra lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orí igi Celtis sì ni ìdin rẹ̀ ti ń jẹun. Irú igi bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1925, ṣùgbọ́n àwọn agégẹdú àti olóko kòkó ti jẹ ẹ́ wọnú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá gba Third Mainland Bridge wọ Erékùṣù Èkó máa ń rí ìtí igi tó léfòó lórí ọ̀sà níwájú Oko Bàbá, níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Láti Ògùn, Oǹdó àti ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń fà wọ́n wá. Marina pàápàá, Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó, ti mọ ọ̀rọ̀ igbó tipẹ́: ní 1887 ni Alfred Moloney, gómìnà Kólónì Èkó tó ń gbé níbẹ̀, tẹ ìwé jáde lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ohun títà ló gbájú mọ́.

Vanessa cardui ló rìn jìnnà jù. Láti Yúróòpù ló ti ń la Sàhárà kọjá wá bímọ sí ilẹ̀ ọ̀dàn wa. Àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ló ń padà. Ní October 2013, wọ́n rí díẹ̀ nínú wọn ní etíkun French Guiana. Ìwádìí tó jáde ní 2024 fi hàn pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti fò, ó kéré tán kìlómítà 4,200 lórí òkun.

Iṣẹ́ dídáàbò bo labalábá ní Mẹ́síkò rọrùn ju tiwa lọ. Orí òkè mélòó kan ni Danaus plexippus, ìbátan Danaus tiwa, ti ń sá fún òtútù, UNESCO sì kọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé ní 2008. Tiwa kì í péjọ báyẹn. Ọgbà Lekki, tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990, jẹ́ hẹ́kítà 78; kò lè nìkan bọ́ wọn. Ibùsọ̀ ni wọ́n ń fẹ́ lójú ọ̀nà, láti Omo títí dé etí ọ̀sà: igbó tí a kò gé, ẹ̀bá ọ̀nà tí rérè kún, ààtàn tí bomubómú hù sí.