Káàdì Méjì Bí Ẹyọ Kan: Vernon àti Houdini ní Chicago, 1922

Harry Houdini, gbajúmọ̀ onídán, a máa fọ́nnu pé kò sí idán tí òun yóò rí lẹ́ẹ̀mẹta tí òun kò ní mọ àṣírí rẹ̀. Ní ọdún 1922, ní ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Dai Vernon dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Houdini mú káàdì kan, ó kọ lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ sí ojú rẹ̀. Vernon ki káàdì náà sábẹ́ èyí tí ó wà lókè pátápátá. Ó ṣí ti òkè: káàdì Houdini ni! Ó tún un ṣe ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Houdini kò rí ìdí rẹ̀.

Káàdì méjì ni Vernon gbé bí ẹyọ kan. Onídán a ti fi ọmọńdinrín la àlàfo tín-ín-rín sábẹ́ káàdì méjèèjì ṣáájú. Nígbà tí ó bá ń ṣí wọn, etí wọn gbọ́dọ̀ ṣe déédéé. Bí ó bá ti dá wọn dojú dé, káàdì mìíràn ni ó ń mú láti òkè ki sísàlẹ̀. Káàdì tí a kọ nǹkan sí ti wà lókè kí òǹwòran tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ.

Nítorí náà, àwítúnwí kò ran Houdini lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ríran; iye káàdì ni kò rò láti bi ara rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe Vernon ní ọkùnrin tí ó tan Houdini jẹ, oyè tí ó bá a dé ọjọ́ ikú rẹ̀ ní 1992.