Ta Ló Máa Gbé Ìpè Náà? Fóònù Kékeré àti Ìlera ní Ìgbèríko

Ní ọdún 2009, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ibùdó 129 ní ìgbèríko Tànsáníà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtẹ̀jíṣẹ́ kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lórí fóònù tí wọ́n fi ń pe àwọn ará ilé wọn. Ìbéèrè kan náà ni ní gbogbo ìgbà: òògùn ibà mélòó ló kù lọ́wọ́ yín? Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ibùdó náà ni oríṣi òògùn ibà kan, ó kéré tán, ti tán pátápátá níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kọkànlélógún, iye náà ti wálẹ̀ sí ìdá 26.

SMS for Life ni wọ́n pe ètò náà. Òṣìṣẹ́ ibùdó kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì láti kópa nínú rẹ̀. Á ka páálí òògùn tó wà nílẹ̀, á tẹ iye rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, bó bá sì dáhùn lásìkò, wọn á fi owó ìpè díẹ̀ sórí fóònù rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé, wọn á rán an létí. Ọ̀gá tó ń bójú tó ètò ìlera ní agbègbè náà á wá rí i kedere pé òògùn ti tán ní abúlé kan nígbà tó ṣì pọ̀ jọ ní òmíràn, á sì ní kí wọ́n gbé e láti ibí lọ sí ọ̀hún. Ibí yìí gan-an ni agbára ètò náà wà. Ìròyìn tó máa ń pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè tún nǹkan ṣe wá ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọmọ tí ibà ti gbé dálẹ̀ kò sì lè dúró de ìwé tó ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn.

Àmọ́ èsì náà kò dọ́gba níbi gbogbo. Ní ọ̀kan nínú agbègbè mẹ́ta tí wọ́n ti dán an wò, iye ibùdó tí oríṣi òògùn ibà kan, ó kéré tán, ti tán níbẹ̀ kúrò ní ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì di òdo. Ní òmíràn, ìdá 93 ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ìdá 47 ni ó parí sí. Irú fóònù kan náà ni wọ́n lò, ìbéèrè kan náà sì ni wọ́n bi wọ́n. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń jiyàn lé lórí nìyí: fóònù kékeré lè gba ẹ̀mí là ní ìgbèríko, ṣùgbọ́n kìkì ibi tí a bá ti yan ẹni tí yóò dáhùn, tí a sì fún ẹni náà ní ohun tí yóò fi dáhùn, ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń yọrí.

Ẹ wo ilé ìwòsàn St. Gabriel ní Namitete, ní Màláwì. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ méjìlá àti ààbọ̀ ènìyàn, ìyẹn 250,000, ló gbójú lé e, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbé ní abúlé tó jìnnà réré. Tẹ́lẹ̀, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni máa ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn kí wọ́n tó lè wá sọ fún nọ́ọ̀sì pé aláìsàn kan kò lo òògùn rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2008, wọ́n fún 75 nínú wọn ní fóònù, wọ́n sì gbé kọ̀ǹpútà kan tó ń lo FrontlineSMS, ètò kọ̀ǹpútà fún àtẹ̀jíṣẹ́ tí Ken Banks ṣe, kalẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Láàárín oṣù mẹ́fà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn rí wákàtí 2,048 gbà padà lára àkókò iṣẹ́ wọn. Owó epo alùpùpù tí wọn kò ná mọ́ jẹ́ 3,000 dọ́là, nígbà tí owó tí wọ́n fi ń mú ètò náà ṣiṣẹ́ kò ju 250 dọ́là lọ. Iye àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n lè tọ́jú di ìlọ́po méjì, ó tó 200. Nọ́ọ̀sì kan wà nídìí kọ̀ǹpútà yẹn tó ń ka ohun tó bá wọlé, alùpùpù sì wà tó lè gbéra. Bí a bá yọ àwọn méjèèjì yìí kúrò, fóònù 75 yẹn kò ní wúlò fún aláìsàn kankan.

Ìwádìí WelTel tí wọ́n ṣe ní Kẹ́ńyà, tí ìwé ìròyìn Lancet tẹ̀ jáde ní ọdún 2010, tún fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ènìyàn 538 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo òògùn HIV ló kópa, àwọn kan ní ìlú Nairobi, àwọn kan ní ìgbèríko Kajiado. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé ni nọ́ọ̀sì ń fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí apá kan nínú wọn ní èdè Swahili: “Mambo?” Ìkíni lásán ni. Kò dárúkọ àìsàn, nítorí náà, bí ọkọ tàbí àbúrò bá gbé fóònù yẹn wò, kò sí àṣírí tó tú. Aláìsàn á fèsì pé àlàáfíà ni tàbí pé wàhálà wà, nọ́ọ̀sì á sì pe ẹni tó bá ní wàhálà àti ẹni tí kò bá fèsì láàárín ọjọ́ méjì. Ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ń kí ló ń lo òògùn wọn déédéé, nígbà tó jẹ́ ìdá 50 ni láàárín àwọn tí wọn kò kí. Ìwádìí mìíràn ní Kẹ́ńyà kan náà rí i pé ìránnilétí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ṣèrànwọ́, ti ojoojúmọ́ kò sì ṣe é. Ariwo tó bá pọ̀ jù máa ń sú ènìyàn.

Ó ṣe pàtàkì kí a sọ ibi tí fóònù ti kùnà pẹ̀lú. Ní Zanzibar, wọ́n ṣe ìwádìí kan pẹ̀lú obìnrin 2,550 tó lóyún. Àwọn kan nínú wọn ń gba àtẹ̀jíṣẹ́, wọ́n sì fún wọn ní káàdì ìpè kí wọ́n lè máa pe agbẹ̀bí ìjọba. Lápapọ̀, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún wọn bímọ lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́, ìdá 47 sì ni láàárín àwọn tí kò sí nínú ètò náà. Ìròyìn ayọ̀ ni, àfi ìgbà tí àwọn olùwádìí tú u palẹ̀: àwọn obìnrin ìgboro ni àǹfààní náà dé ọ̀dọ̀ wọn, kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ti ìgbèríko. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìgbèríko ní láti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn aláboyún lè dé ilé ìwòsàn kí òun fúnra rẹ̀ má lè débẹ̀.

Nílé wa níbí, ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó lábẹ́ Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ọdún 2009, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọrẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀. Àwọn tó gbé e kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ń pa àwọn ìyálọ́mọ. Wọ́n rí ìdádúró mẹ́rin: kí wọ́n tó pinnu nílé pé àwọn ń lọ, kí wọ́n tó rí ọkọ̀ dé ibùdó, kí ẹnikẹ́ni tó dá wọn lóhùn níbẹ̀, àti kí wọ́n tó gbé èyí tó bá le lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n fún aláboyún ní fóònù. Wọ́n yan òṣìṣẹ́ ìlera fún un, ẹnì kan sí nǹkan bí aláboyún 25, ẹni tó mọ ilé rẹ̀, tó mọ oṣù rẹ̀, tí yóò sì gbé ìpè rẹ̀. Wọ́n pèsè ọkọ̀, wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ sí Àkúrẹ́ ní ọdún 2010, níbi tí ìtọ́jú ti jẹ́ ọ̀fẹ́ nígbà náà. Fóònù ló kéré jù nínú gbogbo rẹ̀, òun sì ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ìwọ̀nba ètò ló ní irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé àjọ kan láti òkè òkun á gbé owó wá, á dán nǹkan wò ní abúlé mélòó kan, owó á tán, wọn á kó ẹrù wọn lọ. Ní Ùgáńdà, ọ̀rọ̀ náà burú débi pé iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìlera pàṣẹ ní ọdún 2012 pé kí gbogbo irú ètò tuntun bẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró ná, nítorí wọ́n ti pọ̀ jù, wọn kò sì bá ara wọn tan. Àṣẹ tó tọ́ ni.

Àwọn kan á sọ pé ayé ti kúrò níbẹ̀, pé fóònù ńlá ló kù báyìí. Ṣùgbọ́n fóònù alátẹ̀ kékeré ń lo ọjọ́ púpọ̀ lórí iná ẹ̀ẹ̀kan, kò béèrè dátà, ìyá àgbà tí kò mọ̀wé sì lè pè lórí rẹ̀. Ní Nàìjíríà, níbi tó jẹ́ pé ìdá 39 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìbímọ ló wáyé ní ilé ìwòsàn, gẹ́gẹ́ bí NDHS, ìwádìí orílẹ̀-èdè lórí iye ènìyàn àti ìlera, ti ọdún 2018 ṣe sọ, kò yẹ kí a kọ ohun tó wà lọ́wọ́ aráàlú sílẹ̀ nítorí èyí tó ń dán.

Nítorí náà, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fi owó ìpè àti owó epo ọkọ̀ aláìsàn sínú ìṣúnná wọn lọ́dọọdún, bí wọ́n ṣe ń fi owó oṣù sí i. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà kan sára ògiri gbogbo ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó ń dáhùn sí abẹ́ rẹ̀. Kí ìwọ òǹkàwé náà, nígbà tí o bá tún padà sí ìlú rẹ, yà sí ibùdó ìlera tó wà níbẹ̀, kí o béèrè nọ́ńbà tí aláboyún lè pè ní aago méjì òru. Bí wọn kò bá rí i sọ, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú káńsẹ́lọ̀ rẹ.