Owó Àjọná: Láti Sílè dé Sẹ́fà

Mile 2 ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀ ti ń kó èrò. Oníṣòwò tí ó ti Fẹ́sítáàkì jáde láti lọ rajà ní Kútọnu ní láti ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà. Bí ó bá ti Kútọnu kọjá sí Lòmé, kò tún ní í ṣẹ́ owó mọ́. Abájọ tí àwọn kan fi ń bèèrè pé kí ló dé tí gbogbo wa kò jọ ná owó kan. A ti ná irú rẹ̀ rí.

Ní 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nàìjíríà, Gold Coast tí ó di Gánà, Sàró àti Gáḿbíà ni wọ́n jọ ń ná owó náà. (Kí olùkọ́ tí ó bá bá sílè àti tọ́rọ́ pàdé nínú ìwé àtijọ́ rántí èyí.) Ó rọ òwò lọ́rùn: ọmọ Yorùbá tí ń tajà ní Kùmásí lè kó sílè rẹ̀ bọ̀ wálé láìṣẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n owó Gẹ̀ẹ́sì tí a fi pamọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù ni ó dúró fún èyí tí a ń ná nílé. Bí iye kòkó bá wálẹ̀ lókè òkun, owó a wọ́n nílẹ̀ wa, kò sì sí báǹkì tiwa tí yóò gbà wá.

Ní oṣù kẹsàn-án 1949, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì já pọ́n-ùn wọn láti dọ́là 4.03 sí 2.80. Tiwa bá a já. Ní oṣù kọkànlá 1967 wọ́n tún já a sí 2.40. Nígbà náà, a ti ní pọ́n-ùn tiwa láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 1959, Nàìjíríà kò sì tẹ̀ lé wọn. Bóyá ó tọ́ bóyá kò tọ́, Èkó ni a ti pinnu rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò wa kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní 1994, sẹ́fà 50 tí ó jẹ́ faransi kan di 100; ọjà ilẹ̀ Faransé di ìlọ́po méjì iye rẹ̀.

A kò fi èyí yin náírà. Dọ́là kan kò tó náírà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ 1985. Ní 2024 ó ju 1,400 lọ. Ọwọ́ ara wa ni a fi ṣe ìyẹn.

Ní 2021, ECOWAS fi 2027 ṣe ọdún tí owó Eco yóò bẹ̀rẹ̀. Epo rọ̀bì ni Nàìjíríà ń tà jù, òwú ni ti Bẹ̀nẹ̀. Lọ́dún tí epo bá wálẹ̀ tí òwú sì gbówó lórí, èwo nínú àwọn méjèèjì ni báǹkì kan ṣoṣo náà yóò gbọ́ tirẹ̀?