Ìdìmú Irin Lórí Ẹ̀rọ Léètì: Abala Kan nínú Ìtàn Iṣẹ́ Irin, láti Èbúté-Mẹ́ta dé Igbógilà

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń kọ̀wé lórí bí iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe wọ ilẹ̀ Yorùbá, agbára ni wọ́n sábà máa ń tọ ipa rẹ̀: ooru omi tí ń ti ọkọ̀ ojú irin, iná mànàmáná, epo. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí yàtọ̀. Èrò wa ni pé, nínú iṣẹ́ fífá irin lórí léètì, bí a ṣe di irin mú ni ìtàn náà dá lé, àti pé ohun tí ṣọ́ọ̀kì fi kún ìyára iṣẹ́, inú ìpéye rẹ̀ ni ó ti mú un.

Ìdìmú kì í ṣe àjèjì ní Igbógilà àti ní agbègbè Yewa tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di 1995. Alágbẹ̀dẹ ń fi ẹ̀mú di irin pípọ́n mú. Agbẹ́gilére ń fi ẹsẹ̀ há igi mọ́lẹ̀ bí ó ti ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Bí ọwọ́ bá ṣì wọ́n, ojú a rí i, ọwọ́ a sì tún un ṣe. Lórí léètì ẹ̀wẹ̀, irin ni ó ń yí bírí, ọ̀bẹ ni ó dúró tì í. Àṣìṣe tó bá ti wọ inú ìdìmú kò ṣeé fi ojú tún ṣe mọ́.

Ojú irin wà lára ohun tí ó gbé iṣẹ́ yìí dé. Ní 1901 ni a ṣí ọ̀nà ọkọ̀ náà láti Èkó dé Ìbàdàn; Èbúté-Mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ wà, ẹ̀ka kan sì yà ní Ìfọ̀, ó gba Ìláròó lọ sí Ìdógò. Tọ́nà kì í ṣe òṣìṣẹ́ yẹpẹrẹ nígbà náà. Michael Imoudu, tí ó wà lára àwọn aṣáájú ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti 1945, ọmọ iṣẹ́ tọ́nà ni ó jẹ́ nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ojú irin. (Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gba kí nǹkan yẹ̀ díẹ̀, bóyá kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé kò gba ìrẹ́jẹ.)

Ní nǹkan bí 1800, nígbà tí Henry Maudslay ń ṣe léètì rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àárín ṣóńṣó méjì ni a sábà máa ń gbé ọ̀pá irin kọ́, ihò kékeré kan ní orí, òmíràn ní ìdí. Ọ̀nà yìí lọ́ra, ṣùgbọ́n bí a tú ọ̀pá náà tí a sì dá a padà, ojú kan náà ni yóò ti máa yí. Lẹ́yìn náà ni ṣọ́ọ̀kì eléyín mẹ́ta dé, èyí tí Simon Fairman àti ọkọ ọmọ rẹ̀, Austin Cushman, ṣiṣẹ́ lé lórí ní Amẹ́ríkà. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni ó ń sún eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ó yá, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n bí ipa inú rẹ̀ bá ti jẹ, irin kì í wà ní àárín gan-an mọ́. Òrùka fẹ́lẹ́ tí a bá fún jù nínú rẹ̀ a máa yọ́nú: yóò ṣe róbótó nígbà tí a ń fá a, yóò sì ní igun mẹ́ta bí a bá tú u. Gígùn náà ní ewu tirẹ̀. Bí a bá sọ irin tí ó yọ síta láìní àtìlẹ́yìn di ìlọ́po méjì, títẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ a di ìlọ́po mẹ́jọ.

Àwọn tọ́nà fúnra wọn ni wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́n ń fi irin rírọ̀ ṣe eyín ṣọ́ọ̀kì, wọ́n sì ń fá eyín náà lórí ẹ̀rọ gan-an tí yóò ti ṣiṣẹ́, kí àárín rẹ̀ lè bá ti ẹ̀rọ mu.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀pá ẹ̀rọ ìlọgàrí kan tí ó jẹ ní Igbógilà wò. Tọ́nà tí ó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ wá ihò méjì tí ẹni àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ lára rẹ̀. Fún òpìtàn, ìwé àkọsílẹ̀ ni ihò wọ̀nyí jẹ́. Bí wọ́n bá ti bàjẹ́, ṣọ́ọ̀kì eléyín mẹ́rin ni ó kù, tí eyín kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń dá rìn. Yóò fi aago ìwọ̀n kan ara irin, yóò sì rọra yí i. Bí aago bá fi ìyàtọ̀ 0.4 mm hàn, 0.2 mm péré ni yóò sún irin náà, nítorí pé ìlọ́po méjì yíyẹ̀ rẹ̀ ni aago ń kà.