Ta Ló Ń Jókòó Ti Àgbà?

Ní Ìṣẹ̀rí-Olófin níbí, ẹ dárúkọ ilé ìtọ́jú arúgbó níwájú ìyá àgbà kan, kẹ́ ẹ wá wo ojú wọn. Lójú wọn, ẹni tí ọmọ ti já jù sílẹ̀ ló ń lọ síbẹ̀. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Ẹ̀rù yẹn nítumọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, lábẹ́ òfin 1834, ilé àwọn tálákà ni ọ̀pọ̀ arúgbó tí kò lówó bá ara wọn, ìtìjú sì ni. Òfin 1948 ló fi òpin sí i, tó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa pèsè ibùgbé fún wọn.

Tiwa, agbo-ilé ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn: ìyàwó ilé ń gbọ́únjẹ, ọmọdé ń jíṣẹ́. Àmọ́ agbo-ilé ti di yàrá àti pálọ̀ tí à ń háyà. Ọmọ á jáde ní ìdájí nítorí gó-siló, ó di alẹ́. Ìyá wà nílé lóòótọ́, òun àti tẹlifíṣọ̀n.

Ìjọba Èkó ní ilé àgbà ní Yaba. Èkìtì gba ọ̀nà mìíràn ní 2011: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó ní ₦5,000 lóṣù nígbà náà, kálukú nínú ilé rẹ̀.

Lójú tèmi, bí àgbà bá ní òun ò kúrò nílé, èèyàn ló ń bèèrè. Kẹ́ ẹ tó búra pé màmá yín ò ní lọ ibì kankan, ẹ ṣírò ẹni tó máa wà lọ́dọ̀ wọn láago méjì ọ̀sán.